Gbèsè Inú Ike Oògùn

Mo fi orúkọ Ọlọ́run Aláàánú bẹ̀rẹ̀, Ọba tó fún wa ní ara, tí yóò sì bi wá bí a ṣe lò ó. Ẹ bá mi ṣe àsàlátù fún Ànábì wa. Ẹ ṣe é kó jáde lẹ́nu! Ẹ ò gbààwẹ̀ lónìí, ẹ ti jẹ mọ́ínmọ́ín kẹ́ ẹ tó wá, mo ń gbọ́ òórùn rẹ̀ níbí.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò pọ̀. Ara yìí, àmáánà ni, ẹni tó fi pamọ́ sí ọ lọ́wọ́ ló ni ín. Bí Ọlọ́run bá fún ọ láyè láti sinmi, tí ìwọ ní o ò sinmi, má pe ìyẹn ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Àgídí ni. Ààwẹ̀ ti ń bọ̀ lọ́nà, oṣù Ṣàábáànù la wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín ń wú, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tára yín le, ẹ má tíì máa wo ẹnu ọ̀nà. Ṣé ẹ ò ní bàbá nílé ni?

Gbogbo yín lẹ mọ Bàbá Múráínà, ládàánì tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí wa níbí, ní Ìsẹ́yìn. Ẹ̀yin àlejò tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, aṣọ òfì ló ń hun jẹun. Iṣẹ́ òfì kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ nìkan, ẹsẹ̀ ní ń tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀ kí aṣọ tó jáde. Ẹsẹ̀ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Tí ó bá fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ á jìn wọnú, kò ní tètè dìde. Ìyàwó rẹ̀, Ṣìfáwù, tí a ń pè ní Ìyá Kúbúrà, fà á lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ga. Dókítà fún un ní hóró oògùn kékeré kan tó máa ń fa omi àti iyọ̀ tó pọ̀ jù kúrò lára, tí èèyàn á sì tọ̀ ọ́ dànù. Oògùn omi ni wọ́n ń pè é nínú ilé wọn.

Nọ́ọ̀sì Mọ̀ńsúrátù tó jókòó lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, ẹ wò ó, ó ti dorí kodò, òun ló ṣàlàyé oògùn náà fún un. Ó ní, "Bàbá, hóró kan ṣoṣo láràárọ̀. Ẹ má pa ọjọ́ kankan jẹ o."

Ẹ bá mi di ọ̀rọ̀ yẹn mú. Ó ní kó má pa ọjọ́ jẹ.

Oògùn náà ṣiṣẹ́ gan-an ni. Ẹsẹ̀ lọ sílẹ̀, bàbá padà sídìí òfì rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń kọrin. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún: ìtọ̀ ń lé e. Lọ́jọ́ kan, ó wà lórí sàfù pẹ̀lú wa, ó sáré jáde láàárín ìrun. Nígbà tó padà dé, kò lè wojú ẹnikẹ́ni. Ó ní ojú ti òun. Ojú kí ni? Ṣé omi àlùwàlá wọ́n ní Ìsẹ́yìn ni? Bí ó bá bàjẹ́, tún un ṣe! Ṣùgbọ́n bàbá yìí ní ìgbéraga kékeré kan, kí Ọlọ́run foríjì í. Ó fẹ́ràn kí àwọn èèyàn máa sọ pé àlùwàlá Àláásárì ni ládàánì wa fi ń kírun Ìṣáì.

Bí Ràmàdáànì èṣí ṣe wọlé, ó pe ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Kúbúrà, gbé oògùn omi yẹn sórí pẹpẹ. Èmi àti ẹ̀, ó di ẹ̀yìn Ìtùnú."

"Bàbá Kúbúrà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi Nọ́ọ̀sì."

"Kí ni Nọ́ọ̀sì mọ̀ nípa ààwẹ̀?"

Ẹ gbọ́ o! Nọ́ọ̀sì tó ń gbààwẹ̀ bíi tiẹ̀! Ká ní ó béèrè ni, wọn ì bá wo ara rẹ̀, bóyá wọn ì bá yí àkókò oògùn náà padà fún un. Ó sì lè jẹ́ pé wọn ì bá sọ fún un pé, Bàbá, ẹ̀yin ò ní gbààwẹ̀ lọ́dún yìí. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn? Aláìsàn ní àyè láti jẹun, kó san án padà bí ara bá yá. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ jẹ́ ti ọjọ́ gbogbo, kó máa fi oúnjẹ bọ́ tálákà. Àánú Ọlọ́run ni. Ta ní ń da ẹ̀bùn padà síwájú Ọba?

Bàbá gbààwẹ̀ náà láìpa ọjọ́ kan jẹ. Oògùn ń bẹ lórí pẹpẹ. Nígbà tí oṣù fi máa parí, ẹsẹ̀ ti wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èémí rẹ̀ ń já, ohùn tó fi ń pe Àsùbáà kò ròkè mọ́. Àwa rò pé ààwẹ̀ ló mú un bẹ́ẹ̀, a ń kí i pé ẹ kú ìrọ́jú.

Ẹ̀yìn Ìtùnú ni wọ́n dá ọjọ́ yìgì Kúbúrà sí. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ni, ó pẹ́ kí wọ́n tó rí i. Kúbúrà ra bàtà dúdú kan wálé fún bàbá rẹ̀ láti Ìbàdàn. Bàbá gbìyànjú títí, ẹsẹ̀ ò wọlé. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Bàbá ní, "Má sunkún, ìyá mi. Kó tó dọjọ́ yẹn, á wọlé. Orí ẹsẹ̀ ara mi ni n ó ti dúró fà ọ́ fún ọkọ ẹ. N ò ní rán ẹnikẹ́ni."

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn. Kò béèrè ilé, kò béèrè mọ́tò. Kó ṣáà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró níbi yìgì ọmọ rẹ̀ ni.

Ó ní kí ìyàwó rẹ̀ sọ ike oògùn náà kalẹ̀. Gbogbo oògùn tí kò lò nínú ààwẹ̀ kúnnú rẹ̀. Ó gbé e sókè, ó mì ín, ó ń dún. Ó ní, "Wò ó, gbèsè mi rèé."

"Gbèsè bí ti báwo?"

"Nọ́ọ̀sì ní n ò gbọdọ̀ pa ọjọ́ jẹ. Mo ti pa odidi Ràmàdáànì jẹ. Ọjọ́ tí a bá pa jẹ nínú ààwẹ̀, kí la ń ṣe sí i?"

Obìnrin ní, "À ń san án padà ni."

"Ó dáa. Oògùn ńkọ́?"

Ìyá Kúbúrà lọ bu omi wá. Kí ló fẹ́ sọ? Ọkọ rẹ̀ ni, ládàánì ni, ó mọ kéú jù ú lọ.

Ẹ̀yin jàmáà, ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí. Ẹni tí kì í san gbèsè ààwẹ̀ kò lè ṣe irú àṣìṣe yìí láé! Ọ̀lẹ ò lè ṣe é. Olódodo nìkan ló lè rò ó bẹ́ẹ̀, pé bí a ṣe ń san ìrun, bí a ṣe ń san ààwẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kí òun san oògùn.

Ló bá bẹ̀rẹ̀. Hóró kan láàárọ̀ fún ọjọ́ náà, òmíràn lẹ́yìn Àílá, òmíràn lẹ́yìn Àláásárì, méjèèjì fún gbèsè. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bu omi fún un, tó ń bá a ṣe "Bísímílláhì". Omi ọ̀hún gan-an, ó kàn ń tọ́ ọ wò ni, kí ìtọ̀ má baà lé e jáde lórí sàfù. Ẹsẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, inú gbogbo ilé ń dùn. Wọn ò wo àwọn nǹkan tó kù. Ẹnu rẹ̀ ń gbẹ. Pajápajá ń mú un lẹ́sẹ̀. Tó bá dìde, á kọ́kọ́ di ògiri mú, nítorí òòyì ń kọ́ ọ.

Ìyàwó ní, "Bàbá Kúbúrà, ojú yín mà ti wọnú o."

Ó rẹ́rìn-ín. "Gbèsè ló ń kúrò lọ́rùn mi."

Àárọ̀ ọjọ́ yìgì pé. Bàbá wẹ̀, ó wọ agbádá òfì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun. Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà dúdú, ó sì bọ́ sí i wẹ́rẹ́. Ẹ wá gbọ́ ariwo! "Kúbúrà! Kúbúrà o! Wá wò ó, ó wọlé!" Ọmọ sáré jáde pẹ̀lú tìróò lójú kan, ó dì mọ́ bàbá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Èmi ni mo fẹ́ so yìgì náà. Mo béèrè láàárín èrò pé, "Ta ni yóò fa ọmọ yìí fún ọkọ?"

Ó dáhùn láti ibi tó jókòó sí, "Èmi bàbá rẹ̀ ni." Ó dìde. Mo rí i tí ó na ọwọ́ bí ẹni tó ń wá ògiri, ògiri ò sì sí níbẹ̀. Ó ṣubú lulẹ̀ gbalaja, lójú ọmọ, lójú àna.

Ìnná lílláhì. Mọ́tò tí wọ́n dè ní òdòdó fún ìyàwó la fi gbé e. Dókítà wò ó, ó bi wá pé hóró mélòó ló ń lò lójúmọ́. Ìyá Kúbúrà sọ fún un. Dókítà mi orí. Ó ní omi ti gbẹ lára bàbá yìí, pé iyọ̀ ara tó ń mú ọkàn lù déédéé ti bá ìtọ̀ lọ. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n sa gbogbo ipá wọn. Kí a tó pe Àláásárì, ẹni tó ń bá wa pè é ti lọ.

Kúbúrà ló bọ́ bàtà náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó wá jẹ ìyàwó ló ràn wá lọ́wọ́ sin òkú.

Mo ti fẹ́ parí ìtàn yìí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó kù. Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, Ìyá Kúbúrà wá bá mi nílé. Ó mú ike yẹn jáde lábẹ́ ìborùn rẹ̀. Ó ní, "Àlùfáà, ó kù díẹ̀ nínú rẹ̀. Ààwẹ̀ tó bá kù lọ́rùn òkú, ará ilé ní í bá a san án. Ṣé kí èmi máa lo ìyókù fún un ni?"

Áà! Mo já ike náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ìyá Kúbúrà, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Oògùn kì í ṣe ìrun. Oògùn tí a pa jẹ kò ní ìsanpadà. Ọkọ yín ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè."

Ó ní, "Kò jẹ gbèsè?"

"Kò jẹ."

"Kí wá ni mo ń bu omi fún un tó ń san, Àlùfáà?"

Mo ka kéú títí ewú fi bo orí mi. Mo kàn ń sọ fún un pé kì í ṣe òun ló pa á. Títí dòní mo ṣì ń sọ ọ́.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ o! Bí o bá gbàgbé oògùn omi lónìí, èyí tó o gbàgbé ti lọ, má lo méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, dúró de àkókò òmíràn. Bí o bá ti pa á jẹ fún ìgbà pípẹ́, má dá a bẹ̀rẹ̀ padà fúnra rẹ, padà lọ bá ẹni tó fún ọ. Má dá a dúró fúnra rẹ nítorí ààwẹ̀. Béèrè kí oṣù tó lé. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, tí pajápajá ń mú ọ, tí àyà rẹ ń lù kìkì, ilé ìwòsàn ni kó o lọ, má ṣe sọ pé gbèsè ló ń kúrò lọ́rùn rẹ. Àti ẹ̀yin ìyá, mo mọ̀ yín, ẹ má fún ọ̀rẹ́ yín tẹ́sẹ̀ rẹ̀ wú ní tiyín lò. Sàárà kọ́ nìyẹn!

Nọ́ọ̀sì Mọ̀ńsúrátù, dìde kí wọ́n rí ọ. Obìnrin tó jókòó tì í, tó fi ìborùn bojú yẹn, Ìyá Kúbúrà ni. Òun ló ní kí n sọ ìtàn yìí, ó ní kí n má fi orúkọ pa mọ́. Ó ní bí ẹnì kan ṣoṣo bá béèrè nítorí rẹ̀ kó tó gbé oògùn mì, bóyá ọkàn òun á fúyẹ́ díẹ̀.

Ẹ gbọ́wọ́ sókè. Ọlọ́run Ọba, foríji Múráínà ẹrú rẹ, ìwọ lo mọ̀ pé ìfẹ́ rẹ ló ń lé kiri. Dáríjì wá níbi tí a ti ń fi òdodo ṣe ara wa léṣe. Fún wa ní làákàyè tó bá ìgbàgbọ́ wa mu, kí o sì fún wa ní ẹnu tí a ó fi máa béèrè. Tu opó yìí nínú. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa fi ẹ̀mí san gbèsè tí o kò bi wá léèrè.

Ẹ ṣe àmín, kí Ìyá Kúbúrà gbọ́ ọ.