Páálí Téèpù Tí Mo Kọ Irọ́ Sí

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, kò sí àbùlà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí mo ṣe rí i ni mo ṣe kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi fúnra mi ni ọ̀rọ̀ náà dójú tì jù lọ.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ akọrin nígbà tí a ń gba orin sílẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rọ wa ní ojú ọ̀nà mẹ́jọ lórí téèpù kan ṣoṣo, ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì ń gba ohùn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Téèpù a máa hó ṣìì bí òróró gbígbóná. Ìdí nìyí tí a fi ní àpótí tí ń dín ariwo kù. Mẹ́rin péré ni, fún ojú ọ̀nà mẹ́jọ! Ohùn tí ó bá gba inú àpótí wọlé gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀ jáde. Èyí tí kò gbà á wọlé, bí a bá mú un gbà á jáde, yóò dún bí ohùn ẹni tí a fi aṣọ dí lẹ́nu. Iṣẹ́ mi kò ju kí n kọ èyí tí ó gba àpótí sára páálí téèpù. N kò kọ ọ́. Nígbà tí Bọ̀dá Ṣẹ́gun, tí ń tọ́jú ẹ̀rọ, béèrè rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo yọ bírò lẹ́yìn rẹ̀, mo sì kọ ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn.

Ọjọ́ náà ni a kọ́kọ́ gbọ́ téèpù náà, ohùn Ìyá Akọrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, sì ń jáde bí ẹni tí ń kọrin lábẹ́ ìrọ̀rí. Bọ̀dá Ṣẹ́gun yí gbogbo bọ́tìnì títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan àwọn àpótí, nítorí pé ó gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí mo kọ.

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

"Á jẹ́ pé ohùn Màmá ló ti gbó nìyẹn."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ọ̀fun yìí ti ṣiṣẹ́ tó, ẹ jẹ́ kó fẹ̀yìn tì jàre." Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, kò la ẹnu kọrin mọ́. Wọ́n sì pinnu pé ní aago mẹ́rin ọjọ́ Sátidé, Sístà Bùnmi, ọ̀kan nínú àwọn akọrin wa, yóò kọ orin náà lé ohùn Màmá lórí, kí ti Màmá lè parẹ́ lórí téèpù.

Ní ọ̀sán Sátidé náà mo kúnlẹ̀. Inú ń bí mi sí ẹ̀rọ, ó ń bí mi sí àpótí, ó ń bí mi sí Bọ̀dá Ṣẹ́gun. Mo bẹ Ọlọ́run kí ó tún ohùn náà ṣe láìjẹ́ pé mo jẹ́wọ́. Lórí ìkúnlẹ̀ ni oorun gbé mi lọ.

Ọkùnrin aláṣọ funfun kan dúró tì mí. "Dìde, mú bírò rẹ dání." Ó mú mi wọ ibi gbígbóná kan, níbi tí ariwo ti ń hó ju òjò orí páànù lọ. Ọkùnrin kan di etí rẹ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó ti sọ wúyẹ́wúyẹ́ létí ìyàwó oníyàwó ń ké jáde láti àyà rẹ̀. "Alágbèrè," ni amọ̀nà mi wí. Òmíràn ń yí bọ́tìnì kan láìdúró, gbogbo àwọn tí ó ti pa lẹ́nu mọ́ sì ń pariwo lé e lórí. "Aninilára." Lẹ́yìn náà ni mo rí ìlà gígùn àwọn tí ń kọ nǹkan sára páálí, tí ohun tí wọ́n kọ ń jóná, tí wọ́n ń kígbe pé, "Ó dá mi lójú! Ó dá mi lójú!" Àga kan ṣófo. Orúkọ mi wà lára rẹ̀, ọwọ́ èmi fúnra mi ni a fi kọ ọ́, mo ké, mo sá, mo ṣubú, mo dìde, mo tún sá, iwájú àga náà ni mo tún bá ara mi.

Amọ̀nà na páálí kan sí mi. "Kọ ọ́."

Mo kọ ọ́ pé ojú ọ̀nà kìn-ín-ní ló gba àpótí, ó jóná. Mo kọ ẹ̀kẹta, ó jóná. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sọ òtítọ́ rẹ̀ fún mi!"

"Ìwọ ni o wà níbẹ̀, kì í ṣe èmi."

"N kò rántí!"

"Kọ ìyẹn."

Mo kọ ọ́ pé n kò rántí. Ariwo dákẹ́ lójijì. Ilẹ̀kùn ṣí, mo sì rí àwọn olóòótọ́ tí wọ́n jókòó nínú ìsinmi. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń kọrin, síbẹ̀ mo gbọ́ ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan kedere. Mo fẹ́ jókòó. Amọ̀nà tì mí padà. "Aago mẹ́rin ti lù."

Mo jí, mo sáré láìwọ bàtà. Sístà Bùnmi ṣẹ̀ṣẹ̀ kọrin tán ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìmí. Bọ̀dá Ṣẹ́gun jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"O ò sì sọ! Ti Màmá ti parẹ́. Kí la fẹ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò báyìí?"

Ẹ̀yin ará, mo kìlọ̀ fún yín: ẹni tí kò bá rántí, kí ó sọ pé òun kò rántí. Àga ṣì ṣófo níbẹ̀, mo fojú mi rí i.

Mo lọ bẹ Ìyá Akọrin nílé rẹ̀. Kò bá mi wí, ó fà mí dìde. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi mí. Mo ti gbé e tọ Bọ̀dá Ṣẹ́gun lọ, mo ti gbé e tọ àlùfáà lọ, mo sì tún gbé e wá síwájú yín lónìí: "Ọmọ mi, àpótí yẹn ló ba ohùn mi jẹ́ ni, àbí ọ̀fun mi ló gbó lóòótọ́?"