Ẹsẹ̀ Tí Wọ́n Rí Nínú Sinimá Náà, Èmi Ni Mo Ni Ín

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ tèmi. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé pamọ́ sínú fún bí ọdún mọ́kànlá, ó sì ti rẹ̀ mí. Bóyá ǹ bá gbé e wọ ibojì. Ṣùgbọ́n ní oṣù méjì sẹ́yìn, obìnrin kan kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní kí n forí ji ìyá òun tó ti kú. Èmi ló yẹ kí n kúnlẹ̀. 

Mi ò ní dárúkọ abúlé náà. Ẹ̀bá ọ̀nà Ìyànà Ọ̀fà ló wà. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni mo ti ń kọ́ni níbẹ̀, kí a tó gba òmìnira.

Lọ́dún kan, wọ́n kó àwa tíṣà bíi mélòó kan jọ sí Ìbàdàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí a wá kọ́ bí a ṣe ń ṣe sinimá. Wọ́n fẹ́ fíìmù kéékèèké tí mọ́tò sinimá yóò máa gbé káàkiri abúlé, lórí ìmọ́tótó àti iṣẹ́ oko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mo fẹ́ bú ẹ̀kọ́ náà. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ láyé mi, mi ò rí èyí tó là mí lójú tó o.

Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ka ìwé ìtàn, ńṣe ni mò ń kà á bí ẹni ń mu omi. Ọ̀gá tó kọ́ wa ló fi yé mi pé ẹnì kan ló to ìtàn bẹ́ẹ̀. Ó fi àwòrán àgbẹ̀ kan hàn wá, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wo ìta. Ó lẹ àwòrán òjò mọ́ ọn, òjò tó ń rọ̀ sórí kòkó tí wọ́n sá. Gbogbo wa ní ìdààmú bá àgbẹ̀ náà. Ó yọ òjò kúrò, ó fi mọ́tò tó gbé àlejò dé sí i. A ní inú rẹ̀ ń dùn. Ojú kan náà ni, ọkùnrin náà kò sì ṣe ju kó dúró lọ.

Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi ò sọ nǹkan kan fún yín o. Ẹ̀yin tí ẹ ń wò ó lẹ parí rẹ̀."

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ń parí lọ, wọ́n yá wa ní kámẹ́rà, wọ́n ní kí oníkálukú lọ ṣe fíìmù kékeré kan ní abúlé rẹ̀. Èmi mú ọ̀rọ̀ sòbìà, aràn tó máa ń yọ lẹ́sẹ̀ ènìyàn. Àwọn àgbà tó ń ka ìwé yìí mọ ohun tí sòbìà ṣe fún wa láyé ìgbà yẹn. Bí ẹni tó ní egbò rẹ̀ lẹ́sẹ̀ bá wọ odò tí a ń pọn, ẹni tó bá mu omi náà yóò gbé àrùn lọ sílé. Mo ya odò, mo ya ìkòkò omi, mo ya àwọn tó ń tiro. Ọ̀gá wa wò ó, ó ní, "Tíṣà, odò wà, àrùn wà. Ẹni tó ń ba odò jẹ́ dà?"

Mo bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n bá mi ti ẹsẹ̀ bọ omi. Kò sẹ́ni tó gbà. Ọkùnrin kan tí sòbìà ń yọ lẹ́nu dá mi lóhùn pé, "Kí gbogbo ayé wá mọ ẹsẹ̀ mi, àbí? Tíṣà, ẹ ò ṣe ti tiyín bọ̀ ọ́?"

Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ṣe é. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan tí gbogbo ènìyàn wà lóko, mo lọ sódò ní èmi nìkan. Mo di àkísà mọ́ ojúgun mi bí ẹni tó ní egbò. Mo ró aṣọ ìbora wa kan mọ́ ìdí kí ṣòkòtò tíṣà má bàa hàn. Mo gbé kámẹ́rà ka orí àpótí, mo tẹ̀ ẹ́, mo sì wọ omi. Bí ìyàwó mi bá dá aṣọ náà mọ̀ lẹ́yìn náà, kò sọ fún mi.

Ẹsẹ̀ nìkan kì í ṣe ènìyàn. Mo nílò ojú.

Ìyá Àlímọ̀ ni opó tó ń ta ẹ̀kọ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa. Sòbìà ti bá màmá náà jà nígbà kan rí, ó sì sọ wọ́n di atiro. Mùsùlùmí ni wọ́n. Mo rí i lójú ara mi, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, pé bí wọ́n bá fẹ́ ṣe àlùwàlá, wọ́n á pọn omi sínú búúta, wọ́n á gbé e jìnnà sódò, kí ẹ̀kán omi kan má bàa ṣàn padà síbẹ̀.

Mo ti ya wọ́n rí lẹ́nu ọ̀nà wọn, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kámẹ́rà. Bí mo ṣe gbé e sójú, wọ́n ní, "Tíṣà, ṣé ìbọn lẹ nà sí mi yẹn? Ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹun." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dára púpọ̀. Sinimá wa kò sì ní ohùn.

Mo fi abẹ gé ẹ̀rín náà lára fíìmù, mo lẹ̀ ẹ́ tẹ̀lé àwòrán ẹsẹ̀ mi. Ẹsẹ̀ wọ omi. Ìyá Àlímọ̀ rẹ́rìn-ín.

Mo kọ "ó ṣèèṣì" síbí lẹ́ẹ̀kan, mo sì fà á rẹ́. Kò ṣèèṣì. Ohun tí mo kàn rò ni pé ìlú òkèèrè ni wọn yóò gbé e lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wọ́n. Ọ̀gá wa yìn mí, ó ní tèmi ló dára jù. Nítorí pé ó dára, abúlé tèmi gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fi hàn wá lórí pápá ilé ẹ̀kọ́, àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín pé, "Ìyá Àlímọ̀ rè é." Nígbà tó yá, ẹ̀rín dákẹ́. Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní, "Wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ omi wa, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín." Mo gbọ́ ọ. Mi ò yíjú padà.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn àgbà abúlé ní kí Ìyá Àlímọ̀ má dé odò mọ́. Odò kejì jìnnà, atiro sì ni wọ́n. Kò sẹ́ni tó ra ẹ̀kọ wọn mọ́. Àwọn kan ní ibi àlùwàlá ló ti ṣẹlẹ̀.

Ìyá Àlímọ̀ wá bá mi nílé. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n jókòó, wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ọjọ́ wo ni ẹ rí mi lódò yẹn? Mo rò ó títí, mi ò rántí."

Mo ní, "Màmá, sinimá ti kúrò lọ́wọ́ mi, ó ti di ti ìjọba."

Ìdáhùn mi nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè fún mi, ó kù.

Ohun tí mo kọ́ ní Ìbàdàn ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkà ní sáà yẹn gan-an. Bí a bá ka ìtàn tán, mo máa ń bi wọ́n pé, "Kí ni ẹni tó kọ ọ́ fi hàn wá? Kí ni kò fi hàn wá tí a kàn gbà bẹ́ẹ̀?" Àwọn ọmọ náà mọ ìwé kà débi tó yà mí lẹ́nu. Ọ̀kan nínú wọn, Débórà, dìde lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà, nínú sinimá abúlé wa, ojú Ìyá Àlímọ̀ wà lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ wà lọ́tọ̀. A ò rí méjèèjì pọ̀. Ṣé tiwọn ni ẹsẹ̀ náà?"

Kò sí ọmọ tó lóye ẹ̀kọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní kó jókòó. Mo ní ìwé là ń kà, a ò pe ẹnikẹ́ni sí ọ̀rọ̀ sinimá. Ó jókòó, kò sì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi mọ́ títí ó fi jáde nílé ẹ̀kọ́. Ìyá Àlímọ̀ ṣì wà lábúlé lọ́jọ́ náà. Gbólóhùn kan ni ì bá gbà wọ́n sílẹ̀.

Kí sáà náà tó parí, wọ́n kó lọ sọ́dọ̀ Àlímọ̀tù ọmọ wọn ní Alákíà. Ọdún kejì ni mo gbọ́ pé wọ́n ti kú.

Àlímọ̀tù yìí ló kúnlẹ̀ fún mi ní Ìyànà Ọ̀fà, níbi tí mo ti ń dúró de mọ́tò. Ó ní, "Bàbá Tíṣà, ẹ bá mi forí ji ìyá mi. Omi tí gbogbo abúlé ń mu ni wọ́n bà jẹ́. Wọ́n jẹ́wọ́ fún mi kí wọ́n tó kú. Wọ́n ní àwọn ò rántí, ṣùgbọ́n bí sinimá bá ti rí i, a jẹ́ pé àwọn ṣe é." Ó nu ojú. "Èmi náà bá wọn wí púpọ̀. Igbá tí wọ́n fi ń mumi nílé mi, mo yà á sọ́tọ̀."

Mo ní, "Ó ti tán. Dìde." Mo sì wọ mọ́tò.

Bí mo bá lọ sí Alákíà lọ sọ òtítọ́, orúkọ Ìyá Àlímọ̀ yóò mọ́ lójú ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ náà yóò wá mọ̀ pé ìyá tí kò ṣẹ̀ ni òun ya igbá sọ́tọ̀ fún títí wọ́n fi kú. Bí mo bá dákẹ́, yóò máa bẹ ayé kiri nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò sí. Mo máa ń sọ fún ara mi pé àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí. Kò dá mi lójú. Ó lè jẹ́ pé ojú ara mi ni mò ń dáàbò bò.

Àlímọ̀tù kò mọ̀wé kà. Mo mọ̀ pé ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kó rọrùn fún mi láti kọ ọ́ síbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti sin ìyá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ? Bí mo bá sì dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tó tún kúnlẹ̀ kí mi, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?