Àwọn Adènà Tí Mo Pè Ní Pàǹtí

Kò sí ohun abẹ̀mí tí kò ní ìloro, kò sì sí ìloro tí kò ní adènà. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú ara ènìyàn jẹ́ ilé olódi. Àwọn adènà rẹ̀ gún odi náà já, orí wọn wà ní ìta, ẹsẹ̀ wọn wà nínú ilé. Ìránṣẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri kì í wọlé. Orí adènà ni ó ń fọwọ́ kàn. Adènà á yíra padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì ta àwọn ará ilé jí pé kí wọ́n dàgbà, kí wọ́n pọ̀ sí i. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wo ìyípadà yìí, irọ́ ni mo sì pa nípa rẹ̀. Ọ̀fun mi ti ń dí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ó tó dí pátápátá.

Ohun tí mo kọ́ ayé ni pé adènà a máa dá dúró, àfi bí ìránṣẹ́ bá dé ni méjì tó lè so pọ̀ láti jíṣẹ́. Lórí èyí ni mo ṣe oògùn kan fún kókó ọ̀fun: yóò há sí àárín àwọn méjèèjì, wọn kò sì ní lè pàdé. Nínú iṣẹ́ wa, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán adènà tí a dì sínú yìnyín ni à ń fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá yà. Èyí tí ó bá jọ ohun tí a ń retí ni à ń kó jọ; ìyókù di pàǹtí. Àṣà ni, ẹnikẹ́ni kì í bi wá ní ìdí. Ìyá Awò, obìnrin tí ń tọ́jú awò ńlá wa, ni ó bi mí.

“Ọ̀gá, ẹ wo inú pàǹtí yín. Àwọn wọ̀nyí ti so pọ̀ láìsí ìránṣẹ́ kankan.”

“Ìdọ̀tí ni.”

“Ìdọ̀tí olórí méjì, ẹlẹ́sẹ̀ méjì? Ìdọ̀tí yín mà gbọ́n o!” Ẹ̀rín rẹ̀ kò pẹ́. “Bí wọ́n bá ti so pọ̀ tẹ́lẹ̀, yíyí nìkan ló kù kí wọ́n yí. Tí oògùn yín bá há sí wọn láàárín, ṣé òun gan-an kọ́ ni yóò yí wọn, tí kókó yóò sì máa dàgbà?”

 Mo mọ̀ pé òótọ́ ni, síbẹ̀ mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lo oògùn náà, èmi òkú ojo.

Ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó kọ́kọ́ lo oògùn náà. Àbúrò mi obìnrin, aránṣọ, wà lára wọn. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó lò ó. Ní ọjọ́ kọkànlá ó ní, “Bọ̀dá mi, ọrùn aṣọ tí mo fọwọ́ ara mi rán ti ń fún mi. Ṣé ẹ ń bọ́ kókó yìí ni?” Mo ní oògùn a máa kọ́kọ́ ru àrùn sókè. Ó gbà mí gbọ́. 

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Awò ń lọ bá ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ìdánwò oògùn náà. Mo ṣáájú rẹ̀. Mo pa gbogbo pàǹtí náà rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, mo sì sọ fún ìgbìmọ̀ pé ó jẹ́ kí yìnyín yọ́ tí àwòrán fi bàjẹ́, pé ó ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Nígbà tí ó ṣí àpótí àwòrán rẹ̀, òfìfo ni. Ó wò mí. “Ọ̀gá, àwọn mẹ́sàn-án ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún, kì í ṣe ara mi.” Wọ́n lé e. Àbúrò mi tún lo oògùn náà fún ọjọ́ mọ́kànlá, nítorí bí mo bá dá a dúró, wọn yóò bi mí ìdí.

Lánàá ni dókítà mi sọ tayọ̀tayọ̀ pé, “Bàbá, wọ́n ti ṣe irú oògùn yín tuntun, àwòrán yín ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀. Ènìyàn méjìlá ni yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.” Mo dìde jókòó lórí ibùsùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé yìí. Ẹ dá a dúró! Ẹ̀dà kan ṣoṣo tí mo fi pamọ́ nínú àwọn àwòrán pàǹtí náà wà nínú àpò ìwé yìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe pe ohun tí ẹ ń bẹ̀rù ní pàǹtí.

Àbúrò mi kú ní ọjọ́ kẹtàlélógún. Mẹ́ta mìíràn kú. Àwọn márùn-ún yè nígbà tí àwọn dókítà fúnra wọn gba oògùn náà lọ́wọ́ wọn. Ìyá Awò ń tún gíláàsì ojú ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, kò sì fèsì sí ìwé tí mo kọ sí i. Èmi gba oyè fún ohun tí mo kọ́ ayé nípa adènà, mo gba ìyìn, mo sì ní kókó lọ́fun.