Ìgbọ̀nwọ́ Ìyàwó Mi Kọ́ Ló Ba Fíìmù Náà Jẹ́

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tèmi ti lọ jùyẹn lọ. Ó ti rìn débi tí èmi tí mo pa á fi ń gbàgbé pé irọ́ ni, òtítọ́ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lé e bá lọ́sẹ̀ tó kọjá nínú yàrá tí ìyàwó mi dùbúlẹ̀ sí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní ayàwòrán, tí fọ́tò ìgbéyàwó yín tí mo yà ṣì wà lára ògiri yín, ẹ fetí sílẹ̀. Àgàgà ẹ̀yin tí ẹ bi mí léèrè nígbà náà pé, "Kí ló ṣe ìyàwó yín tí kò ya fọ́tò mọ́?" tí mo sì dáhùn pé kò mọ̀ ọ́n ṣe tó. Irọ́ ni mo pa fún yín. Mo ti wá jẹ́wọ́.

Nígbà tí mo fẹ́ ẹ, kò mọ̀ ju kó bá mi gbé àpò kámẹ́rà lọ. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́, ẹ má sì rò pé inú rere ni. Ẹni tí yóò máa fọ fíìmù ni mo ń wá, torí iṣẹ́ yàrá òkùnkùn, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti gbọ́dọ̀ kan fíìmù, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí iṣẹ́ ilé: ẹ da omi, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣàn án, ẹ sá a sórí okùn. Iṣẹ́ tí mo kà sí ti obìnrin ni mo kó fún un, èmi á wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, n ó máa sọ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ooru omi fọ́, ahun kò sì jẹ́ kí n ra òmíràn. Ìyàwó mi ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ti ìgbọ̀nwọ́ bọ inú omi, bó ti máa ń ṣe kó tó wẹ ọmọ wa. Ó ní, "Ó ti tó, ọ̀gá." Mo fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n fíìmù tó fọ̀ lọ́jọ́ yẹn mọ́ ju èyí tí mo ti ń fọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Mo rí i, mo sì dákẹ́.

Nígbà tó yá, ó mú kámẹ́rà àlòkù kan tí mo ti pa tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya tirẹ̀. Kò ya ẹni tó múra. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ló ń yà, èyí tó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ tí oorun sì ń gbé e lọ, èyí tó ń fi ọwọ́ kan ro ìkòkò tó fi ọwọ́ kejì di ọmọ mú. Mo ní, "Ta ló fẹ́ wo èyí?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ wo gbogbo fọ́tò tó wà lára ògiri yìí. Èmi ni mo nu àga tí ẹ jókòó lé, èmi ni mo lọ aṣọ tí ẹ wọ̀, mi ò dẹ̀ sí níbẹ̀. Mo kàn fẹ́ mọ bí a ṣe rí ni." Tẹ̀ríntẹ̀rín ló fi sọ ọ́, inú sì bí mi bíi pé ó bú mi.

Obìnrin kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Màdámù Onígíláàsì, tó máa ń ṣètò àfihàn àwòrán ní gbọ̀ngàn ilé ìkàwé. Ó wá ya fọ́tò pélébé kan fún ìwé ìrìnnà, ojú rẹ̀ sì lọ sórí okùn tí a sá fọ́tò sí. Ó ní, "Ta ló ya ìwọ̀nyí?" Mo ti la ẹnu láti sọ pé èmi ni, ẹ wo ìwà tó wà lọ́wọ́ mi, àfi bí ìyàwó mi ṣe dáhùn látinú yàrá òkùnkùn pé òun ni. Màdámù kò bojú wo ẹyọ kan nínú iṣẹ́ tèmi kó tó jáde.

Màdámù kó fọ́tò ìyàwó mi sínú àfihàn rẹ̀ tó kàn, níbẹ̀ ni mo sì ti gba orúkọ. Fọ́tò kan wà níbẹ̀ tí àbúrò ìyàwó mi ti kúnlẹ̀ tó ń nu ilẹ̀ pálọ̀ wa. Ní igun rẹ̀, ẹsẹ̀ méjì nínú ìbọ̀sẹ̀ nà jáde láti orí àga, a gbé e sókè díẹ̀ kí àkísà lè ráyè kọjá. Ẹlẹ́sẹ̀ kò dìde. Ẹ ò rí bí àwọn obìnrin ṣe ń di ara wọn mú tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín! "Ẹsẹ̀ ta nìyí o?" "Ẹ má bú u, ó kúkú gbé e sókè, ó gbìyànjú!" Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi dá ẹsẹ̀ náà mọ̀, torí ìbọ̀sẹ̀ mi ti lu níbi àtàǹpàkò. Láti ọjọ́ náà, Ẹsẹ̀-Sókè ni mò ń jẹ́ ládùúgbò.

Orúkọ yẹn ì bá má dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, wọ́n á ní, "Ẹ ẹ́ jọ̀ọ́, ṣé ìyàwó yín wà? Àwọn la fẹ́ kí wọ́n yà wá." Owú ń jẹ mí, ẹ jẹ́ kí n pè é lórúkọ rẹ̀. Ká ní ọkùnrin ni ó ń wojú rẹ̀, n bá mọ ẹni tí n ó bá wọ̀yá ìjà. Iṣẹ́ ni, iṣẹ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ọ! Mo máa ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá òkùnkùn, n ó máa gbọ́ bó ṣe ń kọrin jẹ́jẹ́ fún ara rẹ̀. Kò kọrin bẹ́ẹ̀ rí fún mi. Onígbàjámọ̀ ní, "Ẹsẹ̀-Sókè, tó bá jẹ́ èmi ni, kámẹ́rà yẹn á ti ṣèèṣì kó sómi." A jọ rẹ́rìn-ín. Òun gbàgbé ọ̀rọ̀ náà kó tó fá irun ẹni tó kàn. Èmi gbé e wálé.

Màdámù Onígíláàsì ní òun fẹ́ ṣe àfihàn ńlá, ti ìyàwó mi nìkan. Ìyàwó mi ní fọ́tò kan ló kù, ti ìyá òun. Alágbàfọ̀ ni ìyá ìyàwó mi. Aṣọ àwọn ẹlòmíràn ló fi tọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀, kò sì gbà rí kí ẹnikẹ́ni ya òun nídìí ọpọ́n ìfọṣọ. Àfi tó bá múra. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbà. Ó ní, "Iṣẹ́ tó tọ́ yín kò lè dójú tì mí. Yà mí." Fíìmù odindi kan ló yà lórí ìyá náà, ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tí ọṣẹ ti bó. Ó gbé e wálé, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní, "Ẹ bá mi ṣọ́ ọ, ọ̀gá, kí n fún ọmọ lóúnjẹ."

Ó ní kí n ṣọ́ ọ.

Èmi ni mo kọ́ ọ pé bó bá ká fíìmù tán, kó fi ìrù rẹ̀ sílẹ̀ níta agolo, kó lè rọrùn láti fà á jáde nígbà tó bá fẹ́ fọ̀ ọ́. Ìrù yẹn ni mo dì mú. Mo fà á jáde pátá lójú fèrèsé, nínú oòrùn ọ̀sán gangan, mo gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè rí gbogbo rẹ̀. Mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ní kíṣìnnì, ó ń fi ọmọ ṣeré. Mo ká a padà, mo gbé e síbi tó wà, mo lọ jókòó. Bóyá mo tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ sókè.

Nígbà tó fọ̀ ọ́, dúdú ló jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó mú un jáde wá bá mi. Mo ní, "Omi rẹ ló gbóná jù. Mo ti ń sọ ọ́, ìgbọ̀nwọ́ kì í ṣe ẹ̀rọ." Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí. Ó ní, "Àmọ́ ọ̀gá, etí rẹ̀ náà dúdú. Kí ló dé tí àwọn nọ́ńbà etí rẹ̀ ò hàn?" Ẹ̀yin ayàwòrán àtijọ́ mọ ohun tó bi mí. Omi gbígbóná kì í pa nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ sí etí fíìmù. Ìmọ́lẹ̀ ló ń pa á. Mo wò ó lójú kòrókòró, mo ní, "Gbígbóná ló jẹ ẹ́."

Ó ní òun á padà lọ ya ìyá òun. Kí ó tó lọ, ìyá náà kú. N kò mọ̀ pé yóò kú, ṣùgbọ́n ta ni n ó sọ ìyẹn fún? Ìyàwó mi nu kámẹ́rà, ó dá a padà fún mi. Ó ní kí Màdámù má bínú, òun ò mọ̀ ọ́n ṣe. Láti ọjọ́ náà, bó bá fẹ́ wẹ ọmọ, aládùúgbò ló máa ń pè: "Ẹ bá mi wò ó, ṣé kò gbóná jù?" Mò ń gbọ́ ọ. Àwọn oníbàárà mi padà sọ́dọ̀ mi, mo sì jẹun yó.

Lọ́dún yìí ni ìyàwó mi yọ̀ ṣubú, tí egungun itan rẹ̀ ṣẹ́. Ó wá kàn mí láti gbálẹ̀, láti fọṣọ, láti gbé omi ìwẹ̀. Ẹ̀yìn dùn mí débi tí mo fi rántí ẹ̀yìn alágbàfọ̀ yẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin wa fi fóònù rẹ̀ yà mí níbi tí mo ti ń fún aṣọ ìyá rẹ̀. Ó gbé e lọ hàn án, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ó dáa?" Ìyàwó mi wò ó, ó gbé ojú kúrò. Ó ní, "Má bi mí. Ìgbọ̀nwọ́ mi yìí ló pa fọ́tò ìyá mi."

Mo gbé aṣọ tútù náà wọlé, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Mo bi ẹ́ nípa nọ́ńbà yẹn." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Mo fura sí ẹni tó ta fíìmù fún mi. Mo fura sí ọmọ. Mo fura sí ara mi. Ìwọ nìkan ni mi ò fura sí." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, ó gbọ́wọ́ sókè. "Èmi nìkan kọ́ lo parọ́ fún. Gbogbo àwọn tó rí iṣẹ́ mi lo sọ fún pé mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Lọ sọ fún wọn."

Ohun tí mò ń ṣe nìyí. Ẹ forí jì mí, bó bá ṣeé ṣe. Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin, bí ìyàwó yín bá mọ iṣẹ́ kan jù yín lọ, tí ó sì dùn yín, ẹ jẹ́ kó máa dùn yín. Ẹ lọ jókòó sí kọ̀rọ̀, kó dùn yín dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo gbé omi ìwẹ̀ lọ bá a. Mo ti fi ìgbọ̀nwọ́ ara mi wò ó, mo ní ó ti tó. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ti ìgbọ̀nwọ́ bọ inú omi náà, ó sì fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ó ní, "Ó tutù jù. Lọ gbé òmíràn wá."

Mo lọ gbé e wá.