Okùn Makirofóònù tí Mo Gé ní Sinimá Bahari

Ẹ̀yin ará ìlú Tanga, ẹ fetí sí mi. Àìsàn tó ń bá mi jà yìí kò ní jẹ́ kí n pẹ́ mọ́, n kò sì fẹ́ gbé irọ́ wọ sàréè. Èmi Salha tí ẹ ń yìn pé mo tún Sinimá Bahari ṣe di ilé eré, èmi ni ọ̀dàlẹ̀ ilé náà.

Òótọ́ ni pé mo ṣiṣẹ́. Àdán ló ń gbé ibẹ̀ nígbà tí a débẹ̀, òjò sì ti ba òrùlé jẹ́. Mo ru yanrìn, mo bá káfíńtà to àga, mo bẹ olówó, mo bẹ tálákà. Lọ́kàn mi, ohùn tèmi ni yóò kọ́kọ́ dún níbẹ̀. Àfi bí ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé náà ṣe ní Bi Mwanakombo, ìyá arúgbó tó kọ́ mi ní táárábù, orin àwa ará etíkun, ni yóò kọrin ìṣíde. Inú bí mi. Ìlara burú o! Lọ́jọ́ ìṣíde, kí èrò tó wọlé, mo gba abẹ́ pèpéle lọ, mo fi ọ̀bẹ gé okùn makirofóònù, kí wọ́n lè fi ìyá náà ṣe ẹ̀sín.

Ìyá jáde, ó lanu, makirofóònù dákẹ́. Àwọn obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láti ẹ̀yìn: "Ìyá, àbí ẹ gbàgbé eyín sílé ni?"

"Eyín mi pé ju ọkọ yín lọ," ni ìyá dá wọn lóhùn. "Ẹ gbé irin yìí kúrò níwájú mi jàre." Ó bá gbé orin.

Háà! Kí àwòrán sinimá tó máa sọ̀rọ̀ ni wọ́n ti kọ́ ilé yẹn, fún àwọn tó ń fi ọ̀fun lásán kọrin. Mo fi ọdún mẹ́fà tún un ṣe, n kò mọ̀. Ohùn ìyá gun òkè àjà, ó yí ká, ó sọ̀kalẹ̀ sórí wa bí ìrì. Omi ń bọ́ lójú mi, mo tilẹ̀ gbàgbé pé ibi ni mo gbèrò.

Bó ṣe parí, alága ìgbìmọ̀ jágbe mọ́ Shekue tó ń bójú tó iná àti makirofóònù: "Irú iṣẹ́ játijàti wo lèyí? Ẹ lé e jáde!"

"Alága, ó ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀!" ni Shekue ń bẹ̀bẹ̀. "Àǹtí Salha, ẹ̀yin náà ṣáà gbọ́ ọ. Ẹ bá mi sọ fún wọn."

Mo wolẹ̀. Ìkà ni mí. Wọ́n tì í síta níṣojú ìyàwó rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fún un níṣẹ́ mọ́ nílùú. Mo bọ́ síwájú, mo ń gba ìkíni.

Bi Mwanakombo ti kú, Ọlọ́run nìkan ló kù tí mo lè bẹ̀ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Shekue wà ní ìlú Pangani, ó ń tún rédíò ṣe. Shekue, jọ̀wọ́, dárí jì mí. Mo ti ní kí wọ́n pa orúkọ mi tí wọ́n fi yìn mí rẹ́ lára ògiri Bahari. Lọ́jọ́ Jímọ̀, n ó gun pèpéle yẹn, n ó tún ọ̀rọ̀ yìí sọ níṣojú gbogbo ayé. Bí o bá wá, jọ̀wọ́, jókòó sí iwájú. Ohùn mi ò lè dé ẹ̀yìn mọ́.