Àpá Tí Akínlabí Fi Tọ́ọ̀ṣì Wá

Jókòó. Má tíì dá mi lóhùn, jókòó ná kí o mí. Mo ti ń wò ọ́ láti ojú fèrèsé, o dúró nídìí igi ọsàn, o tún dúró nídìí kànga, o wá ń ṣe bí ẹni tó ń wo adìyẹ mi. Adìyẹ wo lo ń wò, Akínlabí? Àyà ló ń dùn ọ́. Èmi náà wo adìyẹ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbé mi lọ sí Èkó, mo wò wọ́n títí adìyẹ fi sú mi.

Ṣé o ti mí? Ó dáa. Ṣé kí n sọ tèmi báyìí, àbí o ṣì fẹ́ lọ mú tọ́ọ̀ṣì?

Inú ń bí mi, mi ò ní fi ẹ̀rín bò ó. Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ Ẹ̀rínọlá ọmọ rẹ, àwọn àna wá láti Ìkẹ́nnẹ́, wọ́n jókòó tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi sè, ni ọ̀kan nínú wọn bá bi ọ́ pé ìgbà wo lo máa lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn tí dókítà ní kí o wá ṣe. Ìbéèrè rere ni. Kí lo fi dá a lóhùn? O ní o kì í ṣe òmùgọ̀. O ní wọ́n ti lu ẹ̀gbọ́n rẹ ní jìbìtì, o wá nawọ́ sí mi níbi tí mo gbé àwo ẹran dúró sí. O ní wọ́n ní àwọn yọ iṣan lẹ́sẹ̀ mi láti fi la ọ̀nà tuntun fún ẹ̀jẹ̀ níbi tí ọkàn mi ti dí, kí àwọn àna bá ọ wo ẹsẹ̀ náà, kí wọ́n sọ ibi tí iṣan gbà jáde.

Èmi ni mo pọ̀n ọ́, Akínlabí. Ẹ̀yìn yìí lo tọ̀ sí. Ìwọ lo wá ní kí n ká ìró sókè níwájú àna. Àwọn èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọ́n dojú bolẹ̀, bàbá ọkọ ìyàwó tiẹ̀ ń wo àjà ilé bí ẹni tó fẹ́ rà á. Mo ká a dé orúnkún, torí bí mo bá kọ̀, wọ́n á ní òótọ́ lo sọ. O bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, o wò ó, o ní o ò rí nǹkan kan, o ní kí wọ́n mú tọ́ọ̀ṣì wá. Lọ́sàn-án gangan. Oòrùn mú débi pé ewúrẹ́ sá wọ abẹ́ ọkọ̀, ìwọ ń fi tọ́ọ̀ṣì wá àpá lẹ́sẹ̀ mi. Nígbà tí o wá rí i, o ní ẹ̀fọn ló jẹ mí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Moríyọ̀ tí mo bí nínú ara mi náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ikọ́ ni. Mo mọ ẹ̀rín ọmọ mi.

Èyí tó wá dùn mí jù lọ ni pé àpá ńlá wà lára mi. Àyà ló wà. Wọ́n la àyà mi láti abẹ́ ọrùn dé òkè ikùn, wọ́n la egungun ibẹ̀, wọ́n wá fi wáyà dì í padà bí ẹni di ẹnu àpò kòkó. Kò sẹ́ni tó máa rí i tó máa béèrè tọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ṣé ibẹ̀ ni kí n ṣí fún àna Ìkẹ́nnẹ́? Èyí tó tóbi, mi ò lè fi hàn. Èyí tí mo lè fi hàn, kò tóbi. Bí tèmi ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ẹ̀n-ẹ́n, Fábíyìí. Mo mọ̀ pé o máa dárúkọ Fábíyìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa ni, ṣùgbọ́n òun ló bà ọ́ jẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣe tirẹ̀ láyé ọjọ́un, wọ́n la ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọọrọ láti ọrùn ẹsẹ̀ dé itan kí wọ́n tó yọ iṣan, àtìgbà náà ni kò ti sí ìsọmọlórúkọ kan ní Ìpara tí Fábíyìí ò ti ní ká ṣòkòtò. Wọn ò tíì sọ ọmọ lórúkọ, òun ti ká a. O rí àpá náà, o ní iṣẹ́ nìyẹn, iṣẹ́ tó hàn. Ṣé ó sọ fún ọ pé àyà rẹ̀ ti jinná tán kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ̀? Pé Oyèrónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń fi aṣọ dì í láràárọ̀, tí omi ọgbẹ́ ń là á kọjá, tí Fábíyìí fúnra rẹ̀ ń dá jókòó lẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí òórùn? Kò lè sọ ọ́. Èmi ni mo ń gbé ọbẹ̀ lọ fún wọn. Ara rẹ̀ yá, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìyà ni Fábíyìí ń ká ṣòkòtò fi hàn yín. Ìwọ tí o sì ní àtọ̀gbẹ, tí abẹ́rẹ́ lásán gún ọ tó di egbò, ìwọ lo ń wá irú rẹ̀.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́. O ní láti kékeré lo ti ń fa ẹ̀gẹ́ ní Àkàkà, pé ẹ̀gẹ́ tí èèyàn ò bá wa ìdí rẹ̀, tó kàn di igi rẹ̀ mú tó fà á, á já sínú ilẹ̀. O ní iṣan tí wọ́n fà gba ihò kékeré ti ya, òun ni wọ́n lọ rán mọ́ ọkàn mi, á jò lọ́jọ́ kan. Gbogbo ilé gbà fún ọ, torí ó dún bí òótọ́. Ta ló sọ fún ọ pé wọ́n fà á? Mo ní wọ́n yọ ọ́. Àtọjọ́ tí mo ti dé ni mo ti ń sọ pé wọ́n yọ ọ́. Ìwọ lo sọ ọ́ di fífà, torí ẹ̀gẹ́ nìkan lo mọ̀ láyé. Nígbà tí o wà ní kékeré, tí mo bá ń yọ egungun ẹja fún ọ, ṣé mo máa ń fà á?

Wọ́n gé ibi kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi, wọ́n ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé, iná àti kámẹ́rà wà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń wo inú ẹsẹ̀ mi lójú tẹlifíṣọ̀n. Iná ń tàn nínú ẹsẹ̀ mi lọ́jọ́ tí kò sí iná ní gbogbo Ìlárá wa níbí. Wọ́n ń rọra ya iṣan náà kúrò lára ẹran díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń dí ẹnu àwọn ẹ̀ka rẹ̀, ìgbà tí kò di nǹkan kan mú mọ́ ni wọ́n tó gé e tí wọ́n mú un jáde. Wọ́n wa ìdí rẹ̀, àgbẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti wa á.

Ẹsẹ̀ mi ò rọ, ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Iṣan tí a fi ń rìn kọ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ ni. Òmíràn ṣì wà níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́.

Ṣé mo bi wọ́n léèrè ewu rẹ̀? Mo bi wọ́n. Mo ní dókítà, ẹ má fi ihò kékeré pa mí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí iṣẹ́ abẹ tí kò léwu. Ó ní nígbà tí ọ̀nà yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù yìí ba àwọn dókítà náà lẹ́rù, pé bóyá iṣan tí wọ́n bá yọ bẹ́ẹ̀ á tètè dí, torí ọwọ́ tí kò tíì mọ iṣẹ́ lè bà á jẹ́. Wọ́n wá fi àwọn tí wọ́n ṣe bíi tèmi wé àwọn tí wọ́n ṣe bíi ti Fábíyìí, wọ́n tẹ̀ lé wọn fún ọdún mélòó kan, ọ̀rọ̀ ọkàn wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ń kẹ̀ kéré lọ́dọ̀ àwọn tèmi. Ó ní kí ọwọ́ ẹni tó máa yọ ọ́ ṣáà ti mọ́ iṣẹ́ náà. Mo ní ta ni ẹni náà? Ó fi obìnrin kan hàn mí, iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo wo ọwọ́ obìnrin náà, kò gbọ̀n. Ká ní dókítà sọ pé kò séwu rárá ni, ǹ bá sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kí n máa bọ̀ wálé.

O ní ò ń ronú sí i. O ti ń ronú sí i láti ìgbà òjò. Ẹni tó ń ronú ò lè ti ibi ìloro mi dé orí àga láì dúró. Tí o bá fẹ́ kí wọ́n la ẹsẹ̀ rẹ gbọọrọ, lọ sọ fún wọn, kí o ṣáà lọ. Ẹ̀rù ń bà mí, Akínlabí. Inú ń bí mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló wà lábẹ́ rẹ̀. Àwa méjì péré la kù nínú ọmọ ìyá wa.

Ti ilẹ̀kùn yẹn. Wá síbí. Bọ́tìnnì méjì ni mo máa tú, mi ò ní tú ẹ̀kẹta. Wò ó.

Má sunkún, ẹkún ò dáa fún àyà rẹ. Gbé ọwọ́ rẹ lé e. Ṣé o gbọ́ bó ṣe ń lù? Ojú ẹ̀fọn tí o fi tọ́ọ̀ṣì wá ni iṣan tó ń bọ́ ọkàn yìí gbà jáde.

Kí lo wí? Bẹ́ẹ̀ ni, tìrẹ náà á gùn tó báyìí. Ti ẹsẹ̀ ló kéré, àyà rẹ ni wọ́n máa là fún ọ dáadáa. Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn báyìí?

Ó yá, dìde, wọ bàtà rẹ. Tolúlàṣẹ ọmọ rẹ wà nínú ọkọ̀ níta, èmi ni mo pè é, ẹrù rẹ ti wà ní bùútù, Èkó là ń lọ. Tí o bá dé, tó bá di ọjọ́ ìgbéyàwó Ẹ̀rínọlá, tí gbogbo àna Ìkẹ́nnẹ́ bá ti jókòó, wàá ká ṣòkòtò rẹ dé orúnkún níwájú wọn. Tọ́ọ̀ṣì yẹn wà lọ́wọ́ mi. Mo ti ra bátìrì tuntun sí i.