Ẹ̀ẹ̀mẹta Ni Wọ́n Ra Ẹ̀rọ Ọkọ Mi

Màámi, ẹ má fún mi lómi! N ò mu omi! Ẹ má fà mí lọ́wọ́ pé kí n jókòó, n ò jókòó, orí ìdúró ni màá ti sọ ọ́, kí àwọn tó wà lókè ṣí fèrèsé wọn, kí wọ́n gbọ́ ọ dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ lẹ rí lára aṣọ mi yẹn. Díẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ tèmi, èyí tó pọ̀ jù, ti ọmọ yín ni!

Kò kú. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Apá ọ̀tún rẹ̀ ló dá, èmi ni mo dá a, ẹ má wá ẹlòmíràn kiri. Mo mọ̀ pé ó ti pè yín lórí fóònù kí wọ́n tó di apá náà, mo mọ̀ pé ó ti ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ya wèrè. Wèrè! Èmi!

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí mo wá síbí, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí a sin ọkọ mi? Ibi tẹ́ ẹ jókòó sí yìí náà lẹ wà, ẹsẹ̀ yín ni mo kúnlẹ̀ sí. Mo ní, Màámi, mo fẹ́ máa ṣe búrẹ́dì nínú yàrá iwájú, ẹ̀rọ tí ọmọ yín fi ń yí igi tó fi ń ṣe ẹsẹ̀ àga ló gba gbogbo ibẹ̀, mo fẹ́ tà á. Mo ní tí kò bá dùn mọ́ yín, ẹ sọ. Kí lẹ wí? Ẹ ní, "Ìyàwó mi, òkú kì í lo ẹ̀rọ." Ẹnu yín ló ti jáde! Akọ̀wé náà wà níbẹ̀, àbúrò ọkọ mi, tí èmi fúnra mi sọ ní Akọ̀wé lọ́jọ́ tí mo di ìyàwó ilé yín. Ó ń mi orí bí alángbá. Ó tiẹ̀ ní òun ló máa bá mi ya fọ́tò ẹ̀rọ náà, òun sì ló yà á lóòótọ́!

Mo gbé e sí ọjà gbàǹjo orí fóònù, èyí tí wọ́n ti máa ń fowó lé owó fún ọjọ́ méje, tí ẹni tí owó tirẹ̀ bá ga jù á gbé ọjà. Obìnrin káfíńtà kan ń ná an. Ó ń fi díẹ̀ kún díẹ̀, ẹ sá mọ bí ẹni tó ń fi òógùn ara rẹ̀ ra nǹkan ṣe ń nájà. Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí ọjà tú, ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní Kìnnìún Ọjà fò wọlé, ó gbé owó ńlá lé e, gbàgà! Ó borí. Mo jó, Màámi. Mo jó yí ẹ̀rọ náà ká.

Kìnnìún ò wá o! Mo kọ̀wé sí i, ó ní òun ń bọ̀. Mo tún kọ, ó ní ara ọmọ òun ò yá. Mo gbàdúrà fún ọmọ náà! Mo fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀, mo ń bẹ Ọlọ́run nítorí ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò bí! Àwọn tó ni ọjà ní kí n ní sùúrù ọjọ́ mẹ́rin, kí n fẹjọ́ sùn, kí n tún gbé e jáde. Mo tún gbé e jáde. Ẹlòmíràn dé, Ọmọ Ọlọ́lá. Ọlọ́lá wo? Ó ná an kọjá agbára obìnrin káfíńtà, ó borí, ilẹ̀ sì gbé e mì. N ò rí ìwé, n ò rí ìpè, n ò rí ipa ẹsẹ̀.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, ààrò tí mo rà wà níta lábẹ́ tapólì, òjò ń lù ú, ó ń dípẹtà. Ọ̀gá ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn ilé wa ti gbà pé èmi ni màá máa ṣe búrẹ́dì fún àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀, igba ọmọ, lójoojúmọ́! Ó wá wo yàrá. Ó bá lẹ́búlẹ́bú igi tó bo ọrùn ẹsẹ̀. Ó ní, "Màdáámù, inú ibí yìí lẹ ti fẹ́ po ìyẹ̀fun?" Mo bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó fún mi. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó tún fún mi. Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rín músẹ́ ló rín sí mi, ó ti gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Èmi tí mo ti ń po ìyẹ̀fun fún oníṣẹ́ oníṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí iṣẹ́ máa jẹ́ tèmi!

Kí n rẹ ohùn sílẹ̀? Ohùn wo? Ohùn ọ̀hún ò tíì jáde!

Àná lẹ́ẹ̀kẹta. Ìyàwó Olùkọ́ ni ẹni yẹn pe ara rẹ̀. Ó borí. Àmọ́ mo ti lọ bá àwọn tó ni ọjà jà, mo ní ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀ ò gbọdọ̀ ná ọjà mi mọ́. Nọ́ńbà wà níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, nọ́ńbà tí n ò rí rí. Mo ní kí inú mi rọ̀ ná kí n tó pè é.

Àfi bí Akọ̀wé ṣe dé láàárọ̀ yìí, ó ní òun wá kí mi. Mo po tíì fún un. Mo gé búrẹ́dì gbígbóná, mo fi bọ́tà sí i, èmi ọ̀dẹ̀! Ó ń jẹ, ó ń bi mí, "Ìyàwó wa, ṣé wọ́n ti wá gbé ẹ̀rọ yẹn?" Ó káàánú mi. Ó ní ayé ti bàjẹ́, ọmọ aráyé ò lójú àánú mọ́. Mo ní, dúró, jẹ́ kí n pe aláìnítìjú náà níṣojú rẹ. Mo tẹ nọ́ńbà.

Màámi, àpò ṣòkòtò ọmọ yín ló dún!

Ó dún, ó tún dún. Ó fi ọwọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Búrẹ́dì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Búrẹ́dì mi! Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà! N ò mọ ìgbà tí mo mú igi tí mo fi ń tẹ́ ìyẹ̀fun. Mo là á mọ́ ọn lápá, mo gbọ́ tí nǹkan ró káú bí igi gbígbẹ. Ó ké. Mo là á mọ́ ọn léjìká. Ó ta mí nípàá, mo fẹnu gbá etí tábìlì, ẹ wò ó, ẹ wo ibi tí eyín wà tẹ́lẹ̀! Mo dìde, mo da tíì tó ṣẹ́kù lé e láyà. Ó sá wọ yàrá iwájú, mo gbá tẹ̀lé e, mo já òòlù ọkọ mi lára ògiri. N ò ní purọ́ fún yín, orí rẹ̀ ni mo ń wò, ibi tí irun rẹ̀ ti ń pá yẹn gan-an ni mo ń wò. Ó fi apá kan tó kù dì mọ́ ẹ̀rọ náà, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ pa mí, ẹ má lù ú." Ẹ gbọ́! Kí n pa òun, kí n má lu ẹ̀rọ!

Irin ni òòlù bà. N ò mọ ohun tó yí mi lọ́wọ́. Iná ta pàrà, òòlù fò lọ, mo jókòó gbì sínú lẹ́búlẹ́bú igi, òórùn ọkọ mi sì gba imú mi kan. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń gbọn lẹ́búlẹ́bú yẹn kúrò nínú irun rẹ̀, Màámi! Ṣé ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ sin ín ni?

Kí lẹ wí?

Ẹ tún un sọ. Ẹ gbójú sókè, kẹ́ ẹ tún un sọ.

Ẹ̀yin? Ẹ̀yin lẹ ní kó ṣe é? Áà! Ìyàwó Olùkọ́! Olùkọ́ mà ni bàbá ọkọ mi! Báwo ni n ò ṣe rí i? Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu!

Ẹ ní tẹ́ ẹ bá wá sílé mi, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti mú kó máa dán lára ẹ̀rọ yẹn, ó dà bíi pé ẹ di ọwọ́ ọmọ yín mú. Ó dáa. Ṣé ẹnu yín wá di ni? "Má tà á." Ọ̀rọ̀ kékeré mẹ́ta! Ká ní ẹ sọ ọ́ ni, ǹ bá ti háyà yàrá síbòmíràn. Ẹ wá jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí obìnrin káfíńtà máa retí, kó máa já sí òfo, lẹ́ẹ̀mẹta! Ẹ jẹ́ kí n ṣẹ́ apá ọmọ tó kù fún yín, nítorí pé ojú ń tì yín láti sọ̀rọ̀!

Ẹ má sunkún. Mo ní kẹ́ ẹ má sunkún sí mi, màá fọ́ gbogbo ohun tó wà nínú ilé yìí! Ẹ rí i? Ẹ rí ife yẹn? Mo ti fọ́ ọ!

Ẹ gbọ́ mi báyìí. Nínú gbàǹjo, ẹni tó borí ló ni ọjà. Ẹ ti borí, n ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Kí oòrùn ọ̀la tó kan àtàrí, ẹ wá gbé e. Ẹ ti bẹ́ẹ̀dì yín mọ́ ògiri, ẹ kó gbogbo àga yìí síta, ẹ gbé e sí àárín yàrá, kẹ́ ẹ máa fọwọ́ pa á títí tó fi máa sú yín. Tí oòrùn bá kọjá àtàrí tó ṣì wà lọ́dọ̀ mi, obìnrin káfíńtà ló máa gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́, èmi ni màá sì bá a gbé e. Mo fi ilẹ̀ tó gbé ọkọ mi mì búra!

Hẹn? Èèyàn mélòó ló lè gbé e? Mẹ́rin ni, Màámi. Mẹ́rin tí apá wọn pé, ẹ má ka Akọ̀wé mọ́ ọn!